Ìkìlọ̀ Òjò Kò Gbọ́dọ̀ Sú Wa

Bí ọdún bá ti yí, ọ̀rọ̀ òjò kì í pẹ́ dé etí wa. Àjọ tí ń wo ojú ọjọ́ nílẹ̀ wa, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí NiMet, a máa sọ ìgbà tí òjò yóò bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tí yóò dá. Àjọ tí ń ṣọ́ àwọn odò, èyí tí a ń pè ní NIHSA, a máa tẹ̀lé e pẹ̀lú orúkọ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tí omi lè yalé. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó a sì pe àwọn oníròyìn jọ, a tún un sọ. Lẹ́yìn náà ni ti rédíò, ti fóònù, ti mọ́ṣáláṣí àti ti ṣọ́ọ̀ṣì. Kí oṣù kẹfà tó dé, ẹni tí ń gbé Oṣòdì tàbí Ìsọlọ̀ ti gbọ́ ìkìlọ̀ kan náà títí etí rẹ̀ fi kún.

A wà níbi ìpàdé àdúgbò kan nígbà tí wọ́n ka irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀. Bàbá onílé kan dìde, ó ní: “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Láti ìgbà tí mo ti kọ́ ilé mi ni wọ́n ti ń fi òjò dẹ́rù bà mí. Ọdún tí wọ́n ní kí a kó ẹrù wa sókè, omi kò dé ẹnu ọ̀nà mi. Ọdún tí mi ò fi ọkàn sí i, yàrá ni ó bá mi.” Gbogbo ìpàdé bú sẹ́rìn-ín, alága náà rẹ́rìn-ín, wọ́n sì kọjá sórí ọ̀rọ̀ owó ọlọ́dẹ.

Àwa kò lè bá wọn rẹ́rìn-ín náà dé òpin. Kì í ṣe pé bàbá yìí purọ́. Òtítọ́ ni ó sọ, ìrírí rẹ̀ ni ó sì fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìtumọ̀ tí ó fún òtítọ́ náà, pé ìkìlọ̀ tí kò ṣẹ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, ti di ariwo lásán, ìtumọ̀ yìí ni a rí gẹ́gẹ́ bí ewu tí ó tóbi jù lọ fún àwọn ará Oṣòdì àti Ìsọlọ̀ ní àkókò òjò.

Ẹ jẹ́ kí a wò ó bí òjò wa ti ń rìn. Ní Èkó, òjò a máa le láti oṣù kẹrin títí dé oṣù keje, oṣù kẹfà ni ó sì máa ń pọ̀ jù. Ní oṣù kẹjọ, ó máa ń sinmi díẹ̀. Nígbà tí ó bá di oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá, a tún padà wá. Púpọ̀ nínú òjò alágbára wọ̀nyí, tí ń bọ̀ pẹ̀lú ààrá àti ìjì, apá ìlà-oòrùn ni wọ́n ti ń ṣú bọ̀, ní ìlà gígùn, bí ọmọ ogun tí ó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Awojú-ọjọ́ lè rí i pé ogun náà ń bọ̀. Ṣùgbọ́n bóyá Máfolúkù ni yóò tú ẹrù rẹ̀ sí ni, tàbí Ìkòròdú, tàbí inú ọ̀sà níbi tí kò ti ní pa ẹnikẹ́ni lára, ọgbọ́n ènìyàn kò tíì ká ìyẹn tán. Àwọn baba wa rí òjò tí ó rọ̀ sí apá kan ọjà tí apá kejì gbẹ, wọn kò sì tìtorí èyí sọ pé kò sí òjò. Bí awojú-ọjọ́ bá sọ pé ó ń bọ̀, tí ó sì wá gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá, kò purọ́ fún wa; a rí àánú gbà ni.

Ohun tí ó tilẹ̀ ń yà wá lẹ́nu ni pé àárín wa níhìn-ín, ní Oṣòdì gan-an, ni ilé ẹ̀kọ́ àwọn awojú-ọjọ́ wà, èyí tí Àjọ Ojú Ọjọ́ Àgbáyé fọwọ́ sí. Kí ènìyàn bá irú ilé bẹ́ẹ̀ pín àdúgbò, kí ó tún máa fi àwọn tí ń ti ibẹ̀ jáde ṣe yẹ̀yẹ́, kò bójú mu.

Ọ̀rọ̀ tí ó wúwo jù ni èyí. Ìkìlọ̀ kẹjọ kì í ṣe àtúnwí ìkìlọ̀ kìíní. Òjò àkọ́rọ̀ bá ilẹ̀ gbígbẹ, ilẹ̀ sì mu ún. Gọ́tà ṣófo, ọ̀nà omi ńlá kò tíì kún. Nígbà tí òjò bá ti rọ̀ fún oṣù méjì, ilẹ̀ ti mu àmuyó. Gọ́tà ti gba yanrìn, ó ti gba ọ̀rá píọ́ wọ́tà, ó ti gba àkísà àti ìgò. Ọ̀nà omi ńlá kò tíì fa ti àná tán kí ti òní tó dé, bí òkun bá sì wú ní wákàtí náà, ọ̀sà kò ní ráyè gba ohun tí a ń dà sínú rẹ̀. Òjò kan náà tí ó rọ̀ ní oṣù kẹrin tí a fi wẹ ẹsẹ̀, bí ó bá tún rọ̀ ní oṣù keje bí ó ti rọ̀ ní ìjelòó, orí ibùsùn ni yóò bá wa. Nítorí náà, ìkìlọ̀ tí kò ṣẹ kò mú ewu jìnnà sí wa. Bí ọjọ́ ti ń lọ ni ó ń sún mọ́ wa.

Yorùbá ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni ó ń pa òwe yìí láì ronú bí arọ náà ti ṣe là. Arọ kò dúró de ìró ìbọn kí ó tó máa wọ́ kúrò. Nígbà tí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ṣì ń ṣe àríyànjiyàn bóyá ogun yóò wá tàbí kò ní wá, ó ti wà lójú ọ̀nà. Bí ogun náà kò bá sì wá, a padà sílé, kò bínú sí ẹni tí ó kìlọ̀ fún un.

Ẹni tí ó bá rò pé a ń sọ àsọdùn, kí ó rántí. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa ní Ìbàdàn kọjá ààyè rẹ̀, ó gbé ilé, ó gbé ọkọ̀, ó sì gbé ènìyàn tí ó lé ní 100. Ní ọjọ́ 10 oṣù keje ọdún 2011, òjò tí ó lé ní 230 mìlímítà rọ̀ sórí Èkó láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo, ẹ̀mí sì ṣòfò. Ọjọ́ Àìkú ni ọjọ́ méjèèjì. A kò sọ èyí nítorí pé a gbà pé ọjọ́ Àìkú ní èèwọ̀. Nígbà tí omi tún pa ènìyàn tí ó lé ní 100 ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011 kan náà, ọjọ́ Ẹtì ni. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Àìkú, ọ́fíìsì wà ní títì, ọ̀gá wà nílé, katakata wà ní ibi tí a gbé e sí. Ẹni tí ó wà nítòsí nígbà tí omi dé ni aládùúgbò.

Ọjọ́ Àìkú ẹ̀kẹta wà tí àwọn ará Ìsọlọ̀ kò ní gbàgbé láéláé. Òjò kọ́ ni ó fà á, a sì bẹ àwọn tí ọ̀ràn náà kàn pé kí wọ́n má bínú pé a tún mẹ́nu bà á. Ní ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 2002, àwọn àdó olóró tí a kó pamọ́ sínú bárékè àwọn ọmọ ogun ní Ìkẹjà bẹ̀rẹ̀ sí bú gbàmù. Àwọn ènìyàn sá àsálà nínú òkùnkùn, wọ́n gba apá Ìsọlọ̀ àti Èjìgbò. Ọ̀gbẹlẹ̀ ni. Wọ́n dé etí ọ̀nà omi Òkè-Àfà, wọ́n rí ewéko tí ó bo gbogbo ojú rẹ̀, wọ́n rò pé pápá ni, wọ́n sì kó wọ inú rẹ̀, ìyá pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, ọmọdé lọ́wọ́ ọmọdé. Àwọn tí ó kú ní alẹ́ ọjọ́ náà lápapọ̀ lé ní 1,000, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni omi yìí sì pa. A kọ́ ibi ìrántí fún wọn sí Òkè-Àfà. Ìgbàkúùgbà tí a bá rí ọ̀nà omi tí ewéko àti ìdọ̀tí tún bò mọ́lẹ̀ ní àgbègbè yìí, ọkàn wa kì í balẹ̀, ìbáà jẹ́ ìgbà òjò, ìbáà jẹ́ ìgbà ọyẹ́. Omi tí a kò lè rí ojú rẹ̀ mọ́ ti di ọ̀fìn.

Kì í ṣe àwa nìkan ni ìkìlọ̀ ń dé bá léraléra. Díẹ̀ nínú rúkèrúdò ojú sánmà tí ń kọjá lórí ilẹ̀ wa ní àkókò òjò a máa bá ọ̀nà rẹ̀ lọ sí ìwọ̀-oòrùn, a kọjá Sẹ̀nẹ̀gà, a bọ́ sórí òkun, ibẹ̀ ni ó sì ti ń di ìjì líle tí àwọn ará Amẹ́ríkà àti ti àwọn erékùṣù Káríbíánì ń sá fún. Ní ọdún 2004, ìjì mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó bá ìpínlẹ̀ Florida láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà: Charley, Frances, Ivan, Jeanne. Frances àti Jeanne fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ojú kan náà gúnlẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ó wà láàárín wọn. Ẹ fojú inú wo ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kan òrùlé rẹ̀ padà tí wọ́n tún ní kí ó jáde.

Ṣùgbọ́n Kúbà ni a fẹ́ kí ẹ wò. Àwọn ọmọ Yorùbá tí a kó lẹ́rú lọ síbẹ̀ fi àtọmọdọ́mọ sílẹ̀ tí ń pe Ọya, oní-ìjì, títí di òní olónìí. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1963, ìjì tí a ń pè ní Flora pa ènìyàn tí ó lé ní 1,000 ní erékùṣù náà. Wọ́n sunkún, wọ́n nu ojú wọn, wọ́n sì jókòó láti ro ohun tí wọn yóò ṣe. Láti ọdún 1986, lọ́dọọdún kí àkókò ìjì tó bẹ̀rẹ̀, gbogbo orílẹ̀-èdè a máa ṣe ìdánrawò: ìlú, ilé ẹ̀kọ́, ilé ìwòsàn, ilé iṣẹ́. Ní òpópónà kọ̀ọ̀kan, a ti mọ arúgbó tí kò lè rìn, a mọ aboyún, a mọ ilé tí kò lágbára àti ilé tí àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ yóò sá lọ. Nígbà tí ìjì Michelle, ọ̀kan nínú èyí tí ó le jù, kọlu wọ́n ní oṣù kọkànlá ọdún 2001, wọ́n ti kó nǹkan bí 700,000 ènìyàn kúrò lójú ewu. Àwọn márùn-ún ni ó kú. A kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé a ń polówó ìṣèlú Kúbà; ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo ni òfin gbà láyè níbẹ̀, a kò sì gbàdúrà irú rẹ̀ fún ara wa. Ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè tí kò lówó tó tiwa lè mọ orúkọ arúgbó tí ó wà ní yàrá ìsàlẹ̀. Kí ni ó dí àwa lọ́wọ́?

Ìbéèrè yìí ni a gbé wá síwájú ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹgbẹ́ yòówù kí ẹ wà. Eji kò bá ẹnìkan ṣọ̀rẹ́. Ẹni tí ó bá rí ni ó ń pa. Nígbà ìbò, ẹ mọ iye ojúlé tí ó wà ní òpópónà kọ̀ọ̀kan. Ẹ mọ ẹni tí ó ní káàdì ìdìbò àti ẹni tí kò ní. Ẹ mọ ìyá arúgbó tí a gbọ́dọ̀ fi ọkọ̀ gbé dé ibi àpótí. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ ti lẹ páálí kún gbogbo ògiri láti Oṣòdì dé Ìlasamàjà. Irú ètò tí Kúbà fi ń gba ẹ̀mí là ni èyí, ó wà lọ́wọ́ yín, ọ̀sẹ̀ mélòó kan láàárín ọdún mélòó kan ni ẹ sì ń lò ó. Ìwé orúkọ kan náà ni ẹ ó lò bí omi bá ń bọ̀. Ìyá arúgbó kan náà ni.

Òfin ilẹ̀ wa kò sì ṣe àfibò. Ìwé òfin ọdún 1999, ní àfikún rẹ̀ kẹrin, ka gọ́tà àti kíkó ìdọ̀tí mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ pé owó ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ máa dé ọwọ́ wọn tààrà. Ní ọjọ́ 12 oṣù keje ọdún 2025, ní àárín gbùngbùn òjò, a dìbò yan alága àti àwọn kánsẹ́lọ̀ jákèjádò Ìpínlẹ̀ Èkó. Láti ọdún 2003 ni ìjọba ìpínlẹ̀ ti pín àgbègbè wa sí mẹ́ta, Oṣòdì-Ìsọlọ̀, Ìsọlọ̀ àti Èjìgbò, alága mẹ́ta ni a sì ní. Ṣùgbọ́n omi kò mọ ààlà tí wọ́n pa. Èyí tí alága kan bá lé kúrò ní òpópónà tirẹ̀, òpópónà alága kejì ni ó ń lọ. A kò tíì rí ìdí tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò fi lè jókòó pọ̀ ní oṣù kejì ọdọọdún, kí òjò tó dé, kí wọ́n tẹ́ àwòrán ilẹ̀ síwájú, kí wọ́n sì sọ fún ará ìlú gọ́tà tí wọn yóò kó àti ọjọ́ tí iṣẹ́ yóò parí. Àwọn ọ̀nà omi ńlá jẹ́ iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀. Kí wọ́n kó ẹrẹ̀ inú wọn nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, kí wọ́n sì kó ẹrẹ̀ náà lọ. Ẹrẹ̀ tí a wà jáde tí a fi sí bèbè, òjò àkọ́kọ́ ni yóò gbé e padà sínú.

Ní ti àwọn ilé tí ó dí ojú omi, ojú wa kò fọ́ sí i. Ẹni tí ó kọ́lé sójú omi ń fi ẹ̀mí ogún ènìyàn wewu nítorí yàrá méjì. Síbẹ̀, ẹnìkan ni ó ta ilẹ̀ náà, ẹnìkan ni ó sì ń kọjá níbẹ̀ lójoojúmọ́ pẹ̀lú aṣọ ìjọba lọ́rùn nígbà tí wọ́n ń to búlọ́ọ̀kù, tí kò sọ nǹkan. Bí katakata bá dé, kí a máa bi àwọn wọ̀nyí náà léèrè.

Àwa ará ìlú kò sì gbọ́dọ̀ fi ẹnu mẹ́rin bá ìjọba wí kí a fi ọwọ́ méjèèjì da ìdọ̀tí sí gọ́tà. Láti ayé ìjọba ológun ni wọ́n ti fi ìmọ́tótó oṣooṣù lélẹ̀, tí a kì í gbé ọkọ̀ jáde ní òwúrọ̀ Sátidé tí ó kẹ́yìn oṣù. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2016, ìjọba Èkó fagi lé òfin ìsénimọ́lé náà. Inú wa dùn lọ́jọ́ náà, nítorí kò tọ́ kí a sé ọmọlúwàbí mọ́lé bí ẹran. Ṣùgbọ́n a rò pé ọwọ́ ìfipá ni a mú kúrò. A kò mọ̀ pé ọkọ́ àti ìgbálẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò jù nù pẹ̀lú rẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, ìjọba Èkó tún fòfin de ike funfun fúyẹ́ tí a fi ń bu oúnjẹ tà. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ọ̀rá ṣì pọ̀ tí òfin kankan kò lè bá wa ṣà.

Ẹ̀yin olùkọ́, ọ̀dọ̀ yín ni a ti ní ìrètí tí ó pọ̀ jù, nítorí ohun tí ọmọ bá gbé wálé láti ilé ẹ̀kọ́, bàbá a máa gbọ́ ọ, ìbáà jẹ́ pé ó ń kùn. Ẹ gbé agolo kan tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gún régé sí àárín pápá ilé ẹ̀kọ́, níbi tí igi tàbí òrùlé kò ti bò ó. Lẹ́yìn òjò kọ̀ọ̀kan, kí àwọn ọmọ fi rúlà wọn ìjìnlẹ̀ omi inú rẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sára ògiri. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó kọ́ wọn ní ìṣirò rẹ̀. Mìlímítà kan òjò lórí mítà kan níbùú lóròó jẹ́ lítà omi kan. Òrùlé tí ó jẹ́ mítà 10 ní gígùn àti mítà 10 ní ìbú, bí òjò 50 mìlímítà bá rọ̀ sórí rẹ̀, 5,000 lítà ni yóò tú sílẹ̀. Bí ilé 40 bá wà ní òpópónà náà, ó di 200,000 lítà, kí a tó ka ti ojú títì mọ́ ọn. Ẹ wá kó àwọn ọmọ jáde lọ wo gọ́tà tí a ní kí ó gbé gbogbo rẹ̀. Ọmọ tí ó bá ti ṣe ìṣirò yìí pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀ kò ní ju ọ̀rá sínú gọ́tà ní ìrọ̀rùn mọ́.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tí a kò fẹ́ fi ẹnu tútù sọ. A ti rí i, kì í sì í ṣe lẹ́ẹ̀kan, tí a tú àwọn ọmọ kéékèèké sílẹ̀ nínú òjò nítorí pé agogo ìparí ti lù. Omi tí ń ṣàn kíkankíkan, bí kò tilẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ, lè gbé àgbàlagbà ṣubú. Kí ni a ó wá sọ nípa ọmọ ọdún méje? Gọ́tà tí ó ń kọjá lójoojúmọ́ kò hàn mọ́, wáyà iná tí ó já lè wà nínú omi náà. Kí olùkọ́ dá wọn dúró títí omi yóò fi fà, tàbí títí àgbàlagbà yóò fi wá mú wọn. Àwọn òbí tí ó bá bínú pé ọmọ pẹ́, kí wọ́n bínú. Kí ilé ẹ̀kọ́ kọ nọ́ńbà fóònù òbí kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ ní oṣù kẹta, kì í ṣe ní ọ̀sán ọjọ́ tí ojú ọ̀run ti dúdú.

Ìpàdé àdúgbò tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ níṣàájú yóò tún jókòó. A ó lọ, bí Ọlọ́run bá fẹ́. Bí bàbá onílé náà bá tún dìde sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, tí wọ́n sì tún rẹ́rìn-ín, a ó bi í ní ìbéèrè kan kí wọ́n tó kọjá sórí owó ọlọ́dẹ: Bàbá, ní ọdún tí omi bá yín nínú yàrá, ta ni ó wá kan ilẹ̀kùn yín?